Bàbá Nẹ́pà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gun òpó iná.
Mo ti fẹ̀yìn tì, àkàbà mi ti di igi ìdáná,
síbẹ̀ Òkèlele kò tíì gbà pé mo sinmi.
"Bàbá Nẹ́pà, ìgbà wo ni wọ́n máa mú un wá?"
Bí ẹni pé inú àpò ṣòkòtò mi ni mo kó iná sí.

Ọjọ́ kẹtàlá rèé tí tíránsífọ́mà gbiná.
Ó dún gbì lẹ́ẹ̀kan, ó rùn bí epo tó jóná,
ó dákẹ́.
Láti ìgbà náà fáànù òkè àjà ń wò wá,
àwa náà ń wò ó.
Aláǹtakùn ti ta okùn mọ́ ọn lápá.

Ooru tí kì í sùn, tí kì í jẹ́ kí ẹni sùn!
Bí ọ̀sán bá pọ́n, páànù a máa ta bí àgbàdo inú agbada,
ògiri a máa mí èémí gbígbóná síni lẹ́yìn ọrùn.
Omi inú ọ̀rá ti di omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.
Mùíbátù ọmọ ọmọ mi,
ooru sú sí i lára bí ọkà bàbà,
ìyá àgbà rẹ̀ fi ẹfun kùn ún látorí dé ẹsẹ̀,
ó wá dà bí ẹni tó ṣubú sínú àpò fùláwà.

Sìfáwù ìyàwó mi ń pọn omi sínú àmù tí ìyá rẹ̀ mọ.
Mo ti ní kó gbé e sọnù lọ́dún tí a ra fíríìjì.
Kò dá mi lóhùn nígbà náà,
kò sì dá mi lóhùn nísinsìnyí.
Ó kàn bu omi náà fún mi nígbà ìṣínu,
tútù rẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun dé àyà,
mo sọ ojú mi sílẹ̀.

Ààwẹ̀ pé ogún. Ìrọ̀lẹ́.
Ojú ọ̀run ṣú láti ẹ̀yìn òkè Sóbì.
"Ẹ kó aṣọ! Ẹ kó aṣọ o!"
Erùpẹ̀ ló kọ́kọ́ dé kí òjò tó dé,
ìjì wá ń gbá ìlẹ̀kùn bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè,
nǹkan ń já lu páànù, kò-kò-kò. Yìnyín!
Mùíbátù sáré jáde, ó ju mẹ́ta sẹ́nu.
Mo ní, "Àsìkò kò tíì tó!"
Ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló gbé ìṣínu wá fún òun.

Mo gbọ́ tí ìṣó ń tú lórí ilé Láwàní télọ̀,
páànù kan fò bí àwòdì, ó bà sí àgbàlá wa.
Mo rí òpó ìkóríta tó ń mì bí eyín àgbàlagbà,
ọwọ́ mi ń wá bẹ́líìtì
tí mo ti dá padà fún wọn láti ọjọ́ yìí.
Sìfáwù di ẹ̀wù mi mú.
"Ẹ jókòó. Kì í ṣe òpó yín mọ́."

Nígbà tó dá, ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Láwàní gbé tọ́ọ̀ṣì, ó wá páànù rẹ̀ wá.
A bu mọ́ínmọ́ín fún un,
ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ìkókó yóò sùn sí yàrá wa.
Ó ní, "Bàbá Nẹ́pà, òpó ìkóríta ti wó."
Mo ní mo mọ̀. Oṣù kan, ó kéré tán.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé páànù rorí, ó lọ.

Lóru, mo fọwọ́ kan ògiri. Ìbínú rẹ̀ ti rọ̀.
Mùíbátù jí mi nínú òkùnkùn biribiri:
"Bàbá àgbà, aṣọ ìbora dà?"
Láti oṣù kejì, kò sẹ́ni tó bèèrè bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí.
Mo dìde, mo ń táwọ́ kiri.
Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí a jù ú sí.